Olóyè Ìbà tó ń fi Èdè Ègùn Kọrin Èébú

Pásítọ̀ tó wàásù níbi ìsìnkú bàbá àgbà mi sọ pé ẹnu wọn kò bú ẹnikẹ́ni rí. Mo wo ẹ̀gbẹ́ mi, mo rí ìyá àgbà tí wọ́n fi áńkáṣífù bo ẹnu. Ẹkún kọ́ ni wọ́n ń sun. Bàbá àgbà mi bú èèyàn. Wọ́n bú mọ̀lẹ́bí, wọ́n bú aládùúgbò, wọ́n bú kòtò tó wà lójú títì Àgbádárìgì, wọ́n sì bú ẹ̀fọn. Ohun tí wọ́n fi ọ̀pọ̀ ọdún ayé wọn ṣe nìyẹn, orin ni wọ́n sì fi ń ṣe é, ní èdè tí kì í ṣe tiwọn.

Ọmọ Àwórì ni wọ́n, ọmọ oyè ní Ìbà, láti ilé tí wọ́n ti ń dé fìlà oyè kí títì ọlọ́dà tó dé. Àwọn ni olórí ẹbí wa. Yorùbá ni wọ́n fi ń parí ìjà, Yorùbá ni wọ́n fi ń gbàdúrà, Gẹ̀ẹ́sì díẹ̀ ni wọ́n fi ń bá ọlọ́pàá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n tó bá di orin, Ègùn ni. Kò sí orin Yorùbá kan tí wọ́n kọ tí mo lè rí, mo sì wá a dáadáa. Mo tilẹ̀ wá irú wọn kiri nínú ìwé. Mo kà pé ní ilẹ̀ Ítálì láyé àtijọ́, àwọn ọlọ́lá kan wà tí wọ́n ní ilé ńlá àti ẹṣin, tó jẹ́ pé èdè àwọn aládùúgbò wọn tó wà lẹ́yìn òkè ni wọ́n fi ń kọ orin ìfẹ́ àti orin èébú. Inú mi dùn débi pé mo wọ kẹ̀kẹ́ láti Òkòkómáíkò lọ sí Ìbà lọ́sàn-án gangan kí n lè sọ fún bàbá. Wọ́n gbọ́ mi tán, wọ́n ní, "Àwọn ará Ítálì yẹn, ṣé wọ́n níyàwó?"

Mo ní, "Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní, Bàbá."

Wọ́n ní, "Ó ti yé mi. Wọn ò fẹ́ kí ìyàwó wọn gbọ́ ni."

Kí n tó máa rojọ́ lọ, ohun kan wà tí mo fẹ́ kí ẹ fi sọ́kàn. Ìdílé wa ní ilẹ̀ kan létí ọ̀sà, lápá Ọ̀jọ́. Àwọn Ègùn ló ń gbé ibẹ̀ láti ìgbà tí bàbá tó bí bàbá àgbà mi ti ní kí wọ́n máa bọ̀. Wọ́n ń pẹja, wọ́n ń yan án, wọ́n ń bímọ síbẹ̀. Nígbà tó yá, ilẹ̀ náà wọ àwọn olówó lójú. Láìjẹ́ pé olórí ẹbí tẹ̀ka sí ìwé, kò sẹ́ni tó lè tà á, bàbá kò sì tẹ̀ka títí wọ́n fi kú. Lọ́jọ́ tí wọ́n kú, kì í ṣe ọjọ́ ìsìnkú ni àwọn ará etí omi ń bèèrè. Wọ́n ń bi ara wọn bóyá kí àwọn ti máa di ẹrù.

Bí bàbá ṣe gbọ́ Ègùn jẹ́ ìtàn tí wọ́n máa ń sọ pẹ̀lú ìgbéraga tí kò yẹ kó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n wà ní ọ̀dọ́, bàbá wọn rí i pé jíjẹ́ ọmọ oyè ti ba ọmọ wọn jẹ́, wọ́n bá fà wọ́n lé ọkùnrin Ègùn kan tó ń gbẹ́ ọkọ̀ ojú omi lọ́wọ́, nítòsí Àgbádárìgì, kó kọ́ wọn níṣẹ́. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n gbẹ́ níbẹ̀. Ó rì lójú gbogbo àwọn tó wá wò ó, àti bàbá àti ọkọ̀. Ọ̀gá wọn bínú, ó gbé orin èébú síta lójú ẹsẹ̀, gbogbo abúlé sì gbè é. Ẹlòmíràn ìbá sá wálé. Bàbá dúró nínú omi tó mu wọ́n dé àyà, wọ́n ní kí ọ̀gá jọ̀ọ́ tún un kọ, àwọn ò gbọ́ ìlà kejì dáadáa. Nígbà tí wọ́n padà sí Ìbà, bàbá wọn ní kí wọ́n fi iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ han òun, wọ́n bá kọrin. Mo bi wọ́n nígbà kan bóyá ojú tì wọ́n lọ́jọ́ tí ọkọ̀ rì. Wọ́n ní, "Èmi ti mọ̀ pé ọkọ̀ yẹn máa rì. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé orin tí wọ́n máa fi bú mi á dùn tó bẹ́ẹ̀."

Ẹnìkejì wọn nínú iṣẹ́ yìí ni Ìyá Sẹ̀námi, ẹlẹ́ja yíyan létí omi. Àwọn méjèèjì ló ń bú ara wọn lójú gbogbo èèyàn, pàápàá lọ́jọ́ tí bàbá bá lọ ra ẹja. Òfin wà ńbẹ̀, mo sì lè kà á lójú oorun. Èdè ìyá ẹni tí o fẹ́ bú ni kí o fi bú u, kí gbogbo rẹ̀ lè wọlé. Nítorí náà bàbá tó jẹ́ Yorùbá á kọ Ègùn, Ìyá Sẹ̀námi tó jẹ́ Ègùn á fi Yorùbá dáhùn. Ibi tí ọ̀rọ̀ ẹni àkọ́kọ́ bá parí sí ni ẹnìkejì yóò ti mú un. A kì í bú ọmọ, a kì í bú àìsàn, a kì í bú òkú. Tí orin bá sì ti bẹ̀rẹ̀, kò sí "ẹ" mọ́, "ìwọ" ni, olóyè tàbí ẹlẹ́ja. Ìgò ọtí òfìfo àti ṣíbí ni bàbá fi ń lu ìlù rẹ̀. Mo fi fóònù gba ohùn wọn sílẹ̀, mo sì ti gbọ́ ọ títí Ègùn fi yé mi, tí mo sì mọ ọgbọ́n wọn: bàbá kì í lu ìgò lórí ọ̀rọ̀ tó bá máa dunni jù. Wọ́n á dá ṣíbí dúró, kí ọ̀rọ̀ náà já bọ́ láàárín ìdákẹ́jẹ́.

Ọ̀kan nínú èyí tí mo gbà sílẹ̀ nìyí. Bàbá kọ ọ́ ní Ègùn pé: "Sẹ̀námi, ìyá rẹ yan ẹja, ológbò gbóòórùn rẹ̀, ó ronú títí, ó lọ ra ìrẹsì."

Ìyá Sẹ̀námi ò tilẹ̀ gbójú sókè kúrò nídìí ààrò. Ó fi Yorùbá mú un: "Ìrẹsì ni wọ́n bù fún ọ nílé, Olóyè, eyín rẹ tó ṣẹ́kù ń jà lórí èyí tí yóò rún un."

Àwọn ọmọdé ṣubú lulẹ̀. Bí orin ṣe tán, Ìyá Sẹ̀námi nu ọwọ́, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàsán o, Olóyè. Ṣé àwọn ará ilé wà dáadáa?" Bàbá náà bèèrè àwọn ọmọ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì ra ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ bú tán. Bá a ṣe ń lọ sílé, wọ́n já ìrù rẹ̀ jẹ lójú ọ̀nà. Mo ní, "Bàbá, ṣebí ẹ ní ológbò ò lè jẹ ẹ́?" Wọ́n ní, "Ṣé ológbò ni mí?"

Kì í ṣe èébú nìkan ni wọ́n ń kọ. Wọ́n kọ orin ìfẹ́, èyí ló sì dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé jù. Obìnrin kan wà nínú àwọn orin náà tí wọn kì í dárúkọ. Omi máa ń tàn ní èjìká rẹ̀, ó máa ń wa ọkọ̀ lọ láìwẹ̀yìn, ẹni tó ń kọrin á sì máa dúró létí omi títí ẹsẹ̀ rẹ̀ á fi rẹ̀. Ìyá àgbà mi, ọmọ Ẹ̀gbá láti Ògùn, kò gbọ́ Ègùn, ṣùgbọ́n wọ́n gbọ́ ohùn ọkọ wọn. Wọ́n pè mí sí kíṣìnnì lọ́jọ́ kan.

"Àbẹ̀kẹ́, kí ni bàbá rẹ ń wí níta yẹn?"

Mo ní, "Orin ni, Mà. Obìnrin kan ni wọ́n ń wò tó ń wa ọkọ̀."

"Ta ni?"

Bàbá ti gbọ́ wa láti ọ̀ọ̀dẹ̀. Wọ́n ní, "Kì í ṣe ẹnì kankan. Inú orin ló ń gbé. Kì í jẹun, kì í ra aṣọ, kì í bínú."

Ìyá àgbà bu ọbẹ̀ síwájú wọn wọ̀ọ̀, wọ́n ní, "Bàbá Kọ́lá, ó dáa bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ fún un kó wá fọ ṣòkòtò yín."

Nígbà tí ohùn bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹlẹ̀, èmi ni mo sìn wọ́n lọ sí Alábà láti ra ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tó wà lẹ́yìn ilé ti gbé tiwọn sókè, bàbá sì ní àwọn ò lè jẹ́ kí áńgẹ́lì máa gbọ́ apá kan ṣoṣo. Ọkùnrin Íbò tó ń ta á ní kí wọ́n dán an wò. Bàbá gba maíkì, wọ́n wo ọkùnrin náà láti orí dé ẹsẹ̀, wọ́n sì fi Ègùn kọ ọ́ síta pé ikùn rẹ̀ máa ń dé ṣọ́ọ̀bù ṣáájú rẹ̀ láràárọ̀ láti wá ṣílẹ̀kùn. Gbogbo ọjà jó. Ọkùnrin náà pàtẹ́wọ́.

"Baba, this your song sweet o! Wetin you talk?"

"I dey pray for you," bàbá dáhùn.

Ó dínwó fún wa. Lójú ọ̀nà mo ní ohun tí wọ́n ṣe kò dáa, wọ́n ti rú òfin, torí kì í ṣe Ègùn ni èdè ìyá ọkùnrin náà. Ẹ̀sùn náà wọ bàbá lára gan-an. Wọ́n ní, "Òótọ́ ni. Màá kọ́ Íbò."

Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ ni mo ń bọ̀ wá sọ, torí òun ni èèyàn fi lè mọ irú ẹni tí wọ́n jẹ́. Nígbà tí ẹni tó fẹ́ ra etí omi kọ́kọ́ dé, gbogbo àgbààgbà ẹbí ti fọwọ́ sí i. Wọ́n gbé ìwé síwájú bàbá pẹ̀lú pádì íńkì. Bàbá wo ìwé, wọ́n wo íńkì, wọ́n ní ọwọ́ àwọn mọ́, àwọn ò fẹ́ kó dọ̀tí. Àwọn àgbà bẹ̀ wọ́n, wọ́n kọ̀. Nígbà tí ọ̀rọ̀ di gbas-gbos, bàbá ní, "Tí mo bá lé wọn lọ, ta ni yóò máa gbọ́ orin mi? Ṣé ẹ̀yin?"

Títí dòní, àwọn èèyàn ń sọ pé àánú àwọn tálákà ló ṣe bàbá. Mi ò lè fi irọ́ sin wọ́n. Mo bi wọ́n léèrè tó pọ̀, ìdáhùn kan náà ni wọ́n fún mi. Olórin tí kò ní ẹni tó gbọ́ èdè orin rẹ̀ dà bí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lójú oorun, wọn ò sì fẹ́ sùn.

Àwọn àgbà gba fìlà oyè lórí wọn. Wọ́n ní títí tí bàbá yóò fi tẹ̀ka, wọn ò gbọ́dọ̀ jókòó ní ipò wọn. Bàbá wá ń rìn kiri Ìbà lórí òfìfo, oòrùn ń dán lórí ìpárí wọn, wọ́n sì kọ orin kan nípa àwọn àgbà náà tí gbogbo ọmọ etí omi mọ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Ó ní: "Ilé wa ga, ilé wa gbòòrò, ẹ wá wo àwọn tó wà nídìí rẹ̀. Ikán ni wọ́n, ikán onífìlà, wọ́n jẹ òpó tán, wọ́n ń wo àjà."

Àwọn àgbà gbọ́ pé orin kan wà nípa àwọn. Wọ́n fẹ́ ẹni tí yóò túmọ̀ rẹ̀, kí wọ́n lè fi ṣe ẹ̀rí. Wọ́n rò ó dáadáa. Wọ́n ní tí àwọn bá mú ọ̀rẹ́ bàbá, yóò purọ́ gbè é. Ọ̀tá rẹ̀ ni kí àwọn mú. Ta ni ọ̀tá rẹ̀? Obìnrin ẹlẹ́ja yẹn ni, tí wọ́n ń bú ara wọn lójú gbogbo ayé. Wọ́n ránṣẹ́ pe Ìyá Sẹ̀námi.

Ó wá, ó kúnlẹ̀, ó gbọ́ orin tí òun fúnra rẹ̀ ti gbè láìmọye ìgbà, ó sì mi orí bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà ṣòro fún láti sọ. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ọkùnrin yìí kò dáa, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ilé yín ga, ó gbòòrò. Ó ní ẹ̀yin ni òpó rẹ̀, òpó onífìlà. Ó ní ẹ̀yin lẹ gbé àjà ró."

Bàbá Alága, tó dàgbà jù nínú wọn, tó sì gba fìlà náà fúnra wọn, bú sẹ́kún. "A ti ṣi Olóyè gbọ́," wọ́n ń wí, "a ti ṣi Olóyè gbọ́ pátápátá." Wọ́n dá fìlà padà lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà náà, orin ikán di oríkì ilé wa. Kò sí ìsọmọlórúkọ, kò sí ìṣílé, tí wọn kì í pe àwọn ará etí omi wá kọ ọ́, tí àwọn àgbà kì í sì í jó sí i. Bàbá á jókòó síwájú, wọn ò ní rẹ́rìn-ín rárá. Nígbà tí mo gbọ́ Ègùn dé ibi tí ó yé mi, mo sáré lọ bá wọn. Wọ́n ní, "Má wò mí bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo rí ni mo kọ. Ìyá Sẹ̀námi ló fún wọn ní ohun tí wọn kò ní."

Bàbá kú. Ọmọ wọn àgbà, Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, di olórí ẹbí. Èèyàn dáadáa ni Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá, ṣùgbọ́n kò kọrin rí, kò sì rí ohun tí ilẹ̀ etí omi wà fún. Ó ti sọ fún ẹni tó fẹ́ rà á pé tí ìsìnkú bá parí, kí ó gbé ìwé wá. Gbogbo etí omi gbọ́. Nígbà tí mo lọ kí wọn, mo bá ẹrù ní ẹnu ọ̀nà ilé méjì.

Lọ́jọ́ kan Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá wá bá mi nílé ní Òkòkómáíkò. Láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tẹ̀wé ní Ìyànà-Ìbà ló ti ń bọ̀, ètò ìsìnkú wà lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àbẹ̀kẹ́, orin oríkì ilé wa, mo fẹ́ kí wọ́n tẹ ìtumọ̀ rẹ̀ sí ojú ewé tó kẹ́yìn, kí àwọn àlejò mọ irú ilé tá a jẹ́. Ìwọ lo gbọ́ Ègùn. Tú u fún mi."

Mo ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé bí wọ́n ṣe ń tú u ni àbí bó ṣe wà?"

"Kí ni ìyàtọ̀ rẹ̀? Bó ṣe wà ni. Ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀."

Mo tú u ní ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀. Ó fi ìwé náà lélẹ̀.

"Ikán?"

"Ikán, Bọ̀ọ̀dá."

"Ikán tó ń jẹ igi?"

"Òun náà ni."

"Mo jó sí orin yìí níbi ìgbéyàwó ọmọ mi."

"Mo wà níbẹ̀. Ẹ jó dáadáa."

Ó ní kí a yọ ọ́ kúrò nínú ètò. Mo ní ó dáa, ṣùgbọ́n kí ni yóò sọ fún Bàbá Alága, tí wọ́n ti ń fi ọ̀pá dán ijó náà wò? Tí a bá sì kọ ọ́, àwọn àna wa láti Àgbádárìgì ń bọ̀, Ègùn ni púpọ̀ nínú wọn, gbogbo rẹ̀ ni yóò yé wọn. Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá nu ojú. Ó ní, "Bàbá mi ṣìkà." Kò pẹ́ tó fi bú sẹ́rìn-ín, ẹ̀rín náà sì di ẹkún. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo rí i tó sunkún láti ìgbà tí bàbá ti kú nìyẹn.

A jọ lọ sí etí omi. Ìyá Sẹ̀námi ń yí ẹja lórí ààrò.

"Olórí ẹbí, ẹ káàbọ̀."

Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá kò jókòó. "Ìyá, ẹ̀yin lẹ túmọ̀ orin yẹn fún àwọn àgbà."

"Èmi ni."

"Ẹ parọ́."

"Mo pa á dáadáa. Ǹ bá má pa á, orí òfìfo ni bàbá yín ìbá wọ sàréè."

"Ẹ jọ̀ọ́, lọ́jọ́ ìsìnkú, ẹ kọ òmíràn. Ẹ bú bàbá mi bí ẹ ṣe máa ń ṣe. Wọ́n á fẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ìyá Sẹ̀námi dá ọwọ́ dúró. "A kì í bú òkú. Òfin ni." Ó yí ẹja kan, ó tún yí èyí tó ti yí tẹ́lẹ̀. "Ó ti bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Mo ní ìlà kan tó dáa gan-an fún un, nípa ìpárí rẹ̀. Kò sí ẹni tí màá kọ ọ́ fún mọ́."

Lẹ́yìn náà ló tún ní, "Olórí ẹbí, ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí. Níwọ̀n ìgbà tí a wà níbí, ìtumọ̀ tí mo fún àwọn àgbà yín ni ìtumọ̀ orin náà. Mo ń ṣọ́ ọ. Ṣùgbọ́n tí a bá di ẹrù, a ò ní lè fi orin sílẹ̀ fún yín, òun ni ìwọ̀nba ohun tá a ní. Àwọn ọmọ yìí á máa kọ ọ́ ní Àgbádárìgì, wọ́n á kọ ọ́ ní Sẹ̀mẹ̀, wọ́n á gbé e sórí fóònù. Tí wọ́n bá ní kí wọ́n túmọ̀ rẹ̀, mi ò ní sí níbẹ̀."

"Ẹ̀ ń halẹ̀ mọ́ mi ni?"

"Èmi kẹ̀? Ẹja mi ni mò ń yí."



Lọ́jọ́ ìsìnkú, lẹ́yìn tí pásítọ̀ ti parí irọ́ tirẹ̀, tí a sì ti bo sàréè, Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá gba maíkì. Ó ní, "Ilẹ̀ etí omi, bí bàbá mi ṣe fi í sílẹ̀ ni yóò wà. Èmi ò ní tẹ̀ka. Mo sọ ọ́ lójú gbogbo yín, kí ẹni tó bá di olórí ẹbí lẹ́yìn mi má ṣe sọ pé òun ò gbọ́." Àwọn ará etí omi hó yèè. Ẹni tó fẹ́ ra ilẹ̀ dìde, ó wá bàtà rẹ̀ lọ. Bàbá Alága bi mí pé kí ló ṣẹlẹ̀. Mo ní oríkì ló kàn, inú wọn sì dùn.

Ìyá Sẹ̀námi bọ́ síwájú, àwọn ọmọ tò sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ láìfo ìlà kan. Ó wá yíjú sí àwọn àlejò, ó túmọ̀ rẹ̀ ní Yorùbá tó dán: òpó onífìlà, àwọn tó gbé àjà ró. Ọkùnrin kan láàárín àwọn ará Àgbádárìgì la ẹnu. Ìyá Sẹ̀námi wò ó. Ọkùnrin náà pa ẹnu dé.

Àwọn àgbà ti ń jó. Bọ̀ọ̀dá Kọ́lá kò rí ibi sá sí, ó bọ́ sí agbo lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó tẹ̀ síwájú, ó tẹ̀ sẹ́yìn, ó sì fi ẹnu sí etí mi.

"Àbẹ̀kẹ́, kí ni wọ́n ní a jẹ́ báyìí?"

Mo ní, "Òpó ni, Bọ̀ọ̀dá. Fún òní, òpó ni."